Ọgọ́ta fún Àǹtí, Ogójì fún Èmi

Ó máa ń rẹ̀ mí bí àwọn èèyàn bá bi mí pé kí ló dé tí ilé ìfọṣọ wa fi kógbá sílé. Wọ́n á ní ṣé a ò rí oníbàárà ni, àbí olè jà wá, àbí èmi àti Àǹtí ní gbólóhùn asọ̀. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ owó-orí ni, wọ́n á mi orí, wọ́n á bú ìjọba díẹ̀, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ pa dà. Èmi náà á dákẹ́, torí pé àlàyé tó wà níbẹ̀ gùn, kò sì buyì kún mi. Ìjọba kọ́ ló ṣe wá. Ìjọba ò tilẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé.

Àǹtí kì í ṣe ẹbí mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé, ní Woolwich nílùú London, ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé láti Ìbàdàn. Ó rí i pé bàtà tó ṣí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀ ni mo wọ̀ nínú òtútù, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n kó ẹrù mi máa bọ̀ nílé òun. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sùn nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Thamesmead, lórí àga tó máa ń ṣí di ibùsùn, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò fún mi ní ìsinmi náà o. Bí mo bá fọ abọ́, á tún un fọ̀. Bí mo bá se ìrẹsì, á ní omi rẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí irú Àǹtí bá fẹ́ràn á mọ̀ pé ìfẹ́ náà ń rẹni.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo kọ́kọ́ rí ṣe. Mo ṣe é fún ọdún méje, títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ tí dókítà ní n ò gbọdọ̀ gbé èèyàn nílẹ̀ mọ́. Nínú ilé ìtọ́jú yẹn ni mo ti rí ohun tó bí èrò ilé ìfọṣọ. Aṣọ àwọn arúgbó máa ń lọ fún fífọ̀, kì í sì í sábà pa dà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ìyá kan á wọ súwẹ́tà ìyá mìíràn, bàbá kan á wọ ṣòkòtò tí kò dé kókósẹ̀. Bí ọmọ wọn bá wá kí wọn lọ́jọ́ Sunday, àwa tí a wọ̀ ọ́ sí wọn lára ló máa bínú sí. Ìyá arúgbó kan sunkún lójú mi nítorí súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan tí kò pa dà wá, èyí tí ọkọ rẹ̀ rà fún un kó tó kú. Mo sọ lọ́kàn ara mi lọ́jọ́ náà pé bí mo bá ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tèmi, mi ò ní da aṣọ ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì láéláé.

Mo sọ èrò yìí fún Àǹtí nígbà tí a ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìsìn. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní òun ní owó díẹ̀ tí wọ́n fún òun nígbà tí òun fẹ̀yìn tì, àti pé jíjókòó sílé ti fẹ́ sọ òun di arúgbó tipátipá. Èmi náà ní ohun tí mo ti tù jọ. Ohun tí mo mú wá àti ohun tí ó mú wá dọ́gba, ó sì ṣe pàtàkì kí n sọ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ èyí tó kù.

Akáńtáǹtì tó bá wa forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, ṣùgbọ́n Woolwich ni wọ́n bí i sí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo “ẹ” fún àgbà. “O” ló ń sọ fún Àǹtí àti fún èmi náà, a sì ti gbà pé kì í ṣe àfojúdi. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà kan, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga. Àǹtí mí hẹlẹhẹlẹ dé òkè. Ọkùnrin náà ṣí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ọgọ́rùn-ún ìpín ni kọ́ńpìnnì náà máa ní, ṣé kí òun pín in ní àádọ́ta-àádọ́ta.

Mo wo Àǹtí. Àǹtí ń wo báàgì ọwọ́ rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í bá àgbà pín nǹkan lọ́gbọọgba. Bí ẹran bá wà nínú abọ́, àgbà ló máa kọ́kọ́ mú, èyí tó tóbi ló sì máa mú. Bí kò bá tiẹ̀ wù ú jẹ, á mú un, lẹ́yìn náà á wá gé lára rẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọdé tó bá jókòó tó ń fi ojú wọn ẹran pé kó bá tàgbà dọ́gba, a máa ń bi í pé ilé ta ló ti wá. Pé kí n jókòó sórí àga ọ́fíìsì yẹn, níwájú ẹni tí mo sùn nílé rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, kí n ní àádọ́ta fún yín, àádọ́ta fún mi! Ara mi kọ̀ ọ́. Ó dà bíi pé mo fẹ́ jókòó kí n tó kúnlẹ̀ kí i.

“Sixty-forty ni,” mo wí. “Ẹ fi sixty sí ọ̀dọ̀ Àǹtí.”

Akáńtáǹtì yọ ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. “Sister, are you sure? Shares kì í ṣe respect o. Ẹni tó bá ní more than half, òun ló ń decide.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Àǹtí mi ni. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ pa dà sílé, Àǹtí di ọwọ́ mi mú, ó sì gbàdúrà fún mi láti Woolwich títí dé Thamesmead, débi tí àwọn tó jókòó níwájú wa fi ń bojú wẹ̀yìn.

A rí ibì kan gbà lápá ibi tí Thamesmead ti fẹ́ di Belvedere, nínú ọgbà iléeṣẹ́, láàárín ẹni tó ń tún táyà ṣe àti gbọ̀ngàn kan tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ń lò. Afẹ́fẹ́ odò ibẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá méjì la fi bẹ̀rẹ̀, àti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ kan tó máa ń ké bí ewúrẹ́ tí kò bá tíì gbóná. Ilé ìtọ́jú mẹ́ta ló gbéṣẹ́ fún wa: ọ̀kan ní Belvedere, ọ̀kan ní Thamesmead East, ọ̀kan ní ìtòsí Woolwich Common, ní ìsọdá bárékè àwọn ológun. Mo rán orúkọ mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mo mọ àwọn arúgbó náà nípa aṣọ wọn kí n tó mọ ojú wọn. Mo mọ bàbá tó ń da ọbẹ̀ sí àyà, mo mọ ìyá tó máa ń fi mintì sí àpò gbogbo aṣọ rẹ̀.

Àǹtí ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, torí pé ohùn nọ́ọ̀sì àgbà ṣì wà lọ́fun rẹ̀. Èmi ló ń fọ̀, èmi ló ń lọ̀. Bí mo bá ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tán, Àǹtí á tú u, á tún un ká. Mo máa ń bínú, n ò ní sọ, mo sì máa ń lọ dúró síwájú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ títí inú mi á fi rọ̀. Fún ọdún méjì àti díẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Mo lè sọ pé inú mi dùn. Kì í ṣe ìdùnnú tó ń mú èèyàn jó, àmọ́ mo máa ń jí láàárọ̀, mi ò sì ní kórìíra ọjọ́ náà.

Ohun tó dé ni pé ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kan bá Àǹtí sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò kékeré kan. Ó ní òun lè gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì òun fún wa, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì tó bá ní nọ́ńbà VAT nìkan ni òun máa ń bá ṣe, torí ẹni tí kò bá ní i, iṣẹ́ kéékèèké àdúgbò ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àǹtí lára. Ó dé ilé ìfọṣọ lọ́jọ́ kejì, kò tú aṣọ kankan ká. Ó ní a máa forúkọ sílẹ̀ fún VAT.

VAT ni owó-orí ọjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí akáńtáǹtì ṣe sọ ọ́ fún àwa méjèèjì. Kọ́ńpìnnì kékeré bíi tiwa, tí iye tó ń rí lọ́dún kò tó èyí tí ìjọba là kalẹ̀, kò sí dandan fún un láti wà nínú VAT, ṣùgbọ́n bó bá wù ú, ó lè wọ̀ ọ́. Bó bá ti wọ̀ ọ́, á máa fi ìdá kan nínú márùn-ún lé iye tó ń gbà, á sì kó àlékún náà fún ìjọba. Èrè tirẹ̀ níbẹ̀ ni pé á rí VAT tí òun náà san lórí ẹ̀rọ àti ọṣẹ gbà pa dà. Òtẹ́ẹ̀lì ò ní bínú sí àlékún yìí, torí òun náà á gba tirẹ̀ pa dà lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú arúgbó ò lè gba tirẹ̀ pa dà. Òfin ti yọ iṣẹ́ ìtọ́jú kúrò nínú VAT, nítorí náà ohun tí wọ́n bá san, ó lọ nìyẹn. Lójú tiwọn, a kàn gbówó lé ọjà ni.

Bí akáńtáǹtì ṣe ń sọ apá ìkẹyìn yìí, ẹnì kan pe Àǹtí lórí fóònù. Ó fi ọwọ́ kan bo etí, ó ń sọ pé “uhn-uhn, mò ń gbọ́.” Ibi tó gbọ́ dé ni àwọn ẹ̀rọ wa àti owó tó máa pa dà wá lórí wọn. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rí ilé ìtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń lọ, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, bíi pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Mo dúró lẹ́yìn nígbà tí Àǹtí sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo bi akáńtáǹtì bóyá mo lè dá a dúró, níwọ̀n bí èmi náà ti jẹ́ olùdarí kọ́ńpìnnì, tí orúkọ mi wà nínú ìwé. Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó ní àwọn olùdarí ló ń pinnu ọ̀rọ̀ VAT lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìpín tó ju ìlàjì lọ ló ń yan olùdarí, òun náà ló sì ń yọ wọ́n. Bí èmi bá kọ̀, Àǹtí lè pe ìpàdé, kó yọ mí kúrò nípò olùdarí, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Èmi ni mo yọ idà náà nínú àkọ̀ fúnra mi, mo sì na èèkù rẹ̀ sí Àǹtí.

“So just talk to her,” akáńtáǹtì wí. “She likes you. Sọ fún un straight.”

Sọ fún un tààrà! Woolwich ni wọ́n ti bí i lóòótọ́.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo máa ń kó o jọ lẹ́nu láàárọ̀, bí Àǹtí bá wọlé tó ní “o ò tíì jẹun, àbí?” á tú ká. Nígbà tí mi ò rí i sọ, mo ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa, mo wá àgbà tó ju àgbà lọ. Ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo lọ bá a nílé, mo ṣàlàyé fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá mi bá Àǹtí sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó dà bíi pé èmi ni mo rán an. Ó ní kò sí wàhálà. Ó lọ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì Àǹtí wá sọ fún mi pẹ̀lú ìdùnnú pé Mummy wá kí òun, pé ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ó sì gbàdúrà gidigidi sí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Mummy ti fi ọ̀wọ̀ wé ọ̀rọ̀ náà débi tí ọ̀rọ̀ kankan ò fi kù nínú rẹ̀. N ò lè bínú sí i. Bí èmi náà ì bá ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́, Àǹtí jókòó sórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ṣé mo ní ohunkóhun láti sọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó bi mí. Ó bi mí dáadáa, kì í ṣe ìbéèrè orí ahọ́n.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ tiẹ̀ rò ó dáadáa, ma.”

Ó ní òun ti rò ó, òun sì ti gbàdúrà sí i. Ta ló fẹ́ bá àdúrà jiyàn? Mo ní ó dáa. Ó tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó sì ní kí n wá jẹ mọ́ínmọ́ín tí òun gbé wá.

A kọ lẹ́tà sí àwọn ilé ìtọ́jú pé láti oṣù tó ń bọ̀, VAT á máa wà lórí owó wa. Obìnrin òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìtọ́jú ti Belvedere ló kọ́kọ́ pè mí. Kò pe Àǹtí, èmi ló pè, torí pé èmi ló máa ń rí nígbà tí mo bá ń kó aṣọ wọlé. Ó mú mi jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún mi ní tíì, ó sì ṣàlàyé ohun tí mo ti mọ̀. Ó ní ó dun òun, pé láti ìgbà tí a ti ń fọṣọ, ẹbí kankan ò tíì fi ẹjọ́ aṣọ sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ilé ìtọ́jú náà ò ní gbọ́, wọ́n á gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ó bi mí pé kí ló dé tí a fi ṣe é nígbà tí kò pọn dandan. Mo wo tíì mi. Mo ní ìpinnu kọ́ńpìnnì ni. Ó mi orí bí ẹni tó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nígbà tí ẹni tó sọ ọ́ gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Ti Thamesmead East lọ kí oṣù náà tó parí. Ti Woolwich Common ṣàánú wa díẹ̀, wọ́n ní àwọn á dúró títí àwọn á fi rí ẹlòmíì, wọ́n sì rí ẹlòmíì. Òtẹ́ẹ̀lì gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì wá fún ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí ló ká gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, igun sí igun. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti rí kọ́ńpìnnì tó tóbi jù wá lọ, tó ní ọkọ̀ mẹ́fà. A ní nọ́ńbà VAT wa. Àǹtí ti tẹ̀ ẹ́ sára ìwé wa, sára káàdì wa, sára ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Ohun tí a ò ní ni aṣọ tí a máa fọ̀.

Mo bínú sí Àǹtí lákòókò yẹn, mi ò ní purọ́. Mo bínú débi pé mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ká aṣọ lọ́nà tí mo mọ̀ pé kò fẹ́, ohun tó kù láti ká kò sì tó nǹkan. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ó fi agbára gbà á, pé ó fi ọgọ́ta rẹ̀ tẹ ogójì mi mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, mo máa ń rántí pé Àǹtí ò fi ẹnu rẹ̀ dárúkọ ọgọ́ta yẹn rí. Kò dẹ́rù bà mí, kò pe ìpàdé, kò yọ mí. Bóyá ó tilẹ̀ ti gbàgbé pé òun ní i. Èmi nìkan ló ń fojoojúmọ́ rí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, a pa dà lọ gun àtẹ̀gùn akáńtáǹtì yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday ni. Orúnkún Àǹtí ti ń dùn ún nígbà náà, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, kò sì jẹ́ kí n di òun mú. Akáńtáǹtì ti tẹ́ ìwé oríṣi méjì sórí tábìlì. Èyí àkọ́kọ́ ni ìwé tí a ó fi pa kọ́ńpìnnì rẹ́. Èkejì ni ìwé tí a ó fi jáde kúrò nínú VAT, torí pé a ṣì kéré tó láti jáde. Ó ní bí a bá jáde, kò sí ohun tó ní kí a má lọ bẹ àwọn ilé ìtọ́jú náà, pàápàá ti Belvedere, tó ti ń ráhùn nípa ẹni tuntun tó ń fọṣọ fún wọn.

Àǹtí ò wo ìwé kankan. Ojú mi ló ń wò.

“O mọ̀ pé wọn ò lè gbà á pa dà,” ó wí. “Àwọn care home yẹn. O mọ̀ kí n tó ṣe é.”

Mo ní, “Mo mọ̀, ma.”

“O mọ̀, o ò sì sọ fún mi.”

“Mo ní kí ẹ rò ó dáadáa.”

“Ìyẹn lo pè ní ọ̀rọ̀?” Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lọ. “Ta ni mo ní tó lè sọ fún mi pé mo ń ṣìnà? Ọmọ mi wà ní Canada, ó ń sọ ‘yes Mummy’ lórí fóònù. Mo rò pé ìwọ máa sọ fún mi.”

Akáńtáǹtì ń tún bírò rẹ̀ tò.

Àǹtí wá nu ojú rẹ̀, ó sì jókòó dáadáa. Ó ní òun ti bi akáńtáǹtì, ó sì ṣeé ṣe: òun lè yọ ogún kúrò nínú ìpín òun, kó di tèmi, kí n ní ọgọ́ta, kí òun ní ogójì. Bí mo bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ, òun á fọwọ́ sí ìyẹn lónìí, mo lè yọ wá nínú VAT, kí n lọ bẹ àwọn oníbàárà, òun á sì máa wá ká aṣọ fún mi bí orúnkún òun bá gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

“Tó bá jẹ́ tèmi ni, ó ti rẹ̀ mí,” ó wí. “Màá ní ká tì í. Torí náà má bi mí. Sọ ohun tí ìwọ fẹ́. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu ẹ.”

Mo mọ ohun tí mo fẹ́. N ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ ní ilé ayé mi báyẹn rí. Mo fẹ́ ẹ̀rọ méjì yẹn, mo fẹ́ òórùn ọṣẹ láàárọ̀, mo fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin Belvedere yẹn kí n sọ fún un pé a ti pa dà. Mo fẹ́ ọgọ́ta. Gbólóhùn kan péré ni, kò gùn. Mo wo Àǹtí, mo rí bí ó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, mo rí ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ gbogbo tí wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré tí wọ́n tò sí àárín èmi àti òun, mo sì ronú pé bí mo bá ní kí iṣẹ́ náà máa lọ, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé àṣìṣe rẹ̀ ló gbé wa dé ibí, kó gbé ipò rẹ̀ fún mi. Mo la ẹnu. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó rọlẹ̀, ó sì ní ọ̀wọ̀ dáadáa.

“Bí ẹ bá ṣe fẹ́ náà ni, ma.”

Àǹtí di ojú. Ó dúró dè mí. Ó dúró pẹ́ tó fún èèyàn láti yí ọ̀rọ̀ pa dà, mo sì mọ̀ pé nítorí ìyẹn ló ṣe dúró, àmọ́ mo jókòó síbẹ̀, mo pọwọ́ lé itan. Nígbà tó ṣí ojú, kò wò mí mọ́. Ó fa ìwé tí wọ́n fi ń pa kọ́ńpìnnì rẹ́ sọ́dọ̀, ó fọwọ́ sí i, ó tì í sí iwájú mi, èmi náà sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ tirẹ̀.